Kí Ìwé Má Bá Ẹni Tó Ni Ín Kú

Hay-on-Wye kò tóbi rárá. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 2,000. Ilẹ̀ Wales ló wà, ṣùgbọ́n béèyàn bá rìn díẹ̀, ó ti bọ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìsinmi Ọdún Àjíǹde lèmi àti ìyàwó mi fi lọ. Bọ́ọ̀sì la wọ̀ láti Hereford, nítorí pé láti ìparí ọdún 1962 ni ọkọ̀ ojú irin kò ti gbé èrò débẹ̀ mọ́. Ìwé àlòkù ló ń mú èrò lọ síbẹ̀.

Richard Booth ló bẹ̀rẹ̀ òwò ìwé náà níbẹ̀. Ọkùnrin yìí kàwé jáde ní Oxford, ó sì fẹ́ kí ìlú kékeré náà rí nǹkan jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sọ ilé táwọn panápaná ń lò tẹ́lẹ̀ di ilé ìtàwé. Ó gba Amẹ́ríkà lọ, ó ń ra ìwé táwọn ilé ìkàwé fẹ́ kó dà nù, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn bọ̀. Àwọn mìíràn rí i, wọ́n dara pọ̀. Kódà ilé sinimá àtijọ́ di ilé ìtàwé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1977, Booth kéde pé Hay ti gba òmìnira, ó sì fi ara rẹ̀ jọba. Ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ òkìkí ìlú náà kàn. Redu ní Bẹ́ljíọ̀mù tẹ̀lé e ní 1984, Wigtown ní Skọ́tílándì náà di ìlú ìwé ní 1998. Booth kú ní 2019. Iṣẹ́ rẹ̀ kò kú.

Nínú ọgbà ilé olódi tó wà láàárín ìlú Hay, wọ́n to pẹpẹ ìwé sí ìta gbangba. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá mú ìwé á ju owó sínú àpótí, á bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ni nǹkan ti mú mi lọ́kàn. Mo rí ìwé Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, *The Palm-Wine Drinkard*. Wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ £6 sí igun ojú ewé àkọ́kọ́. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹnì kan ti fi yíǹkì búlúù kọ “Ìbàdàn, 1965”. Ó fa ìlà sábẹ́ ibi tó dùn mọ́ ọn, mo sì ń tẹ̀ lé ìlà náà bí ẹni tí àgbà kan ń tọ́ka fún. Mi ò mọ onítọ̀hún, ṣùgbọ́n ó ń bá mi kàwé.

Mo rà á, mo sì ń rántí ilé. Bí olùkọ́ bá kú láàárín wa, àwọn ọmọ á pín ilẹ̀, wọ́n á pín mọ́tò àti agbádá, ìwé bàbá á wá di ti alákàrà. Mo ti ra ẹ̀pà tí wọ́n fi ojú ewé Aláwìíyé wé rí. Èdè wa ló wà lára bébà yẹn, òróró sì ti pa lẹ́tà rẹ̀ rẹ́.

Kì í ṣe pé a kò ní àwọn tó lè gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìbàdàn àti Èkó ń ṣe iṣẹ́ tí Booth ṣe, láìsí ẹni tó ń pọ́n wọn lé. Òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n. Ẹ jẹ́ ká máa yà lọ́dọ̀ wọn. Bí òkú àgbà bá sì sùn, kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ kọ́kọ́ mú ìwé tí wọ́n á kà, kí ilé ìwé àdúgbò mú tirẹ̀, kí wọ́n ránṣẹ́ pe òǹtàwé wá kó ìyókù. Ẹni tó fowó ra ìwé, tó kà á, tó fàlà sí i, ti ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ ṣòfò.