Kóòtù Nínú Ẹrọ̀fọ̀

Ẹ wo àwọn éjẹ́ǹtì tó ń ta ilẹ̀ ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí: kóòtù dúdú, táì pupa, bàtà ṣóńṣó tó ń dán yinrin. Oṣù kẹfà rèé o, òjò ò dáwọ́ dúró, omi sì ti mu ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi hanni dé orúnkún. Ta ló wá ń tan ta?

Mi ò ní kí wọ́n wọ àkísà. Kí aṣọ mọ́, kí wọ́n lọ̀ ọ́, ó parí. Ní Amẹ́ríkà, Century 21, iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn ta ilé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971, fi kóòtù aláwọ̀ wúrà wọ àwọn éjẹ́ǹtì wọn, débi pé òkèèrè lèèyàn ti ń dá wọn mọ̀. Ìyẹn yé mi: iléeṣẹ́ kan wà lẹ́yìn kóòtù yẹn, tí èèyàn lè lọ bá bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Tiwa ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ló lè ṣa tirẹ̀ nínú òkìríkà ní ọjà Katangúà láàárọ̀, kó di éjẹ́ǹtì kó tó di ọ̀sán. Orúkọ tó wà lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó òwò ilé àti ilẹ̀, tẹ́ mi lọ́rùn ju táì lọ.

Obìnrin kan mú mi lọ wo ilẹ̀ ní Sàngótẹ̀dó. Bùbá àdìrẹ ló wọ̀, pẹ̀lú bàtà òjò. Ó fi ọ̀rá wé ìwé sọ́fè ilẹ̀ náà kí omi má baà kàn án. Ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀ kó tó ní kí n tẹ̀ ẹ́, ó sì ní kí n lọ yẹ sọ́fè náà wò lọ́dọ̀ ìjọba kí n tó san kọ́bọ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi.