Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́sẹ̀ Kan: Ẹ̀rọ Tí Kò Pé Láìsí Ẹni Tí Ń Gùn Ún

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa bí ohun ṣe ń dúró wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó bá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta kì í mì, ìbáà jẹ́ pé ilẹ̀ kò tẹ́jú, nítorí pé ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò kanlẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ẹsẹ̀ kan kúrò, ó di ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ dì mú. Bí wọ́n bá tún yọ ìkejì, ó di ohun tí ojú kò gbà gbọ́ pé ó lè dúró rárá. Èdè Yorùbá pe táyà ọkọ̀ ní ẹsẹ̀, ó sì tọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta; ó ń dá dúró bí ààrò. Kẹ̀kẹ́ ológeere jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Bí kò bá rìn, àfi kí ó fara ti nǹkan. Kí ni kí wọ́n wá sọ nípa kẹ̀kẹ́ tí ó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo, tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà?

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun ìṣeré àwọn tí ń pidán lójú agbo ni kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wò ó. Nínú gbogbo ẹ̀rọ tí ọmọ ènìyàn ń gùn, díẹ̀ ni ó fi hàn gbangba bí èyí pé, nígbà tí wọ́n bá yọ nǹkan kúrò lára ẹ̀rọ, iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe kì í parẹ́. Ẹlòmíràn ni ó ń gbé e rù.

Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ara kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ní ọdún 1817, Karl Drais ní ilẹ̀ Jámánì ṣe kẹ̀kẹ́ onígi kan tí kò ní pẹ́dàlì. Ẹni tí ó jókòó lé e ni yóò máa fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ bí ẹni tí ń sáré. Láàárín ọdún 1860 sí 1869, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìlú Paris de pẹ́dàlì mọ́ àárín táyà iwájú gan-an. Bí ẹsẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà náà á yí lẹ́ẹ̀kan, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n fi lè mú eré kẹ̀kẹ́ pọ̀ sí i ni pé kí wọ́n sọ táyà iwájú di ńlá. Kí ó tó di ọdún 1880, táyà iwájú àwọn kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ga tó àyà géńdé ọkùnrin, táyà ẹ̀yìn sì kéré bí ọmọ tí ń tọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn.

Àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ gíga yìí tètè rí i pé táyà ẹ̀yìn máa ń gbéra nílẹ̀ bí wọ́n bá dúró lójijì. Àwọn ọ̀jáfáfá láàárín wọn kọ́ bí wọ́n ṣe lè rìn díẹ̀ lórí táyà iwájú nìkan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ti jáde wá. Nígbà tí ó di ọdún 1885, John Kemp Starley ní ìlú Coventry gbé kẹ̀kẹ́ tuntun jáde, èyí tí táyà rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí ṣéènì sì ń yí táyà ẹ̀yìn. Láti ìgbà náà ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹlẹ́sẹ̀ kan dúró sí ọ̀nà àtijọ́: ẹsẹ̀ yí, táyà yí.

Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ náà kò pọ̀. Táyà kan wà pẹ̀lú rímù àti sípóòkù rẹ̀. Irin àárín táyà náà kò dá yí lọ́tọ̀. Òun àti táyà jọ ń yí pọ̀ ni. Apá irin méjì jáde lára rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, pẹ́dàlì sì wà ní orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irin oníga méjì kan dojú kọ ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lé béárìn méjì ní ẹ̀gbẹ́ táyà, òpó ìjókòó sì wọ inú rẹ̀ láti òkè. Lórí òpó yìí ni ìjókòó wà. Ó tán. Kò sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kò sí ṣéènì, kò sí bíréèkì lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù. Kò sì sí ohun èlò kékeré inú táyà ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere, èyí tí ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ máa yí lọ nígbà tí ẹsẹ̀ bá sinmi.

Ìdí tí wọ́n fi yọ èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí kúrò ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Ọmọdé tí ó bá gbé ọmọ odó dúró lóòró sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ̀ pé kò ṣeé ṣe kí ọwọ́ òun dúró lójú kan. Bí orí ọmọ odó bá tẹ̀ síwájú, ọwọ́ gbọ́dọ̀ sáré síwájú lọ bá a. Bí ó bá tẹ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ gbọ́dọ̀ padà. Ara ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ ni ọmọ odó. Táyà ni àtẹ́lẹwọ́. Bí ara bá tẹ̀ síwájú, ẹsẹ̀ á tẹ pẹ́dàlì le sí i kí táyà lè sáré wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ara bá tẹ̀ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ á fa pẹ́dàlì dúró. Ẹsẹ̀ kan náà ni ẹ́ńjìnnì, òun ni bíréèkì, òun náà ni ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìṣubú. Bí táyà bá lè yí láìsí ẹsẹ̀, tí kò sì sí bíréèkì, ẹni tí ó bá tẹ̀ sẹ́yìn kò ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ là. Ní ti ọ̀tún àti òsì, ìbàdí ni ó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́: ibi tí ara bá fẹ́ ṣubú sí ni ìbàdí ń yí táyà sí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ ẹyẹ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé níhìn-ín, àìrọrùn náà gan-an ni ó ń mú wọn dúró.

Olùkọ́ ìṣirò lè rí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe níbí. Táyà tí àwọn tó ń kọ́ ọ sábà máa ń lò fẹ̀ tó ínṣì 20 láti etí kan dé ìkejì. Bí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti rìn tó sẹ̀ǹtímítà 160. Táyà ọlọ́nà jíjìn jẹ́ ínṣì 36. Ìyípo rẹ̀ kan tó sẹ̀ǹtímítà 287. Bí ẹsẹ̀ bá yí nígbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ti àkọ́kọ́ á rìn tó kìlómítà 5.7 ní wákàtí kan, èyí tí kò ju ìrìn ẹni tí ń kánjú lọ. Ti ìkejì á rìn ju kìlómítà 10 lọ. Ta ni kò ní yan ńlá?

Ṣùgbọ́n owó wà tí ó ń san. Kí apá pẹ́dàlì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12.5 lára méjèèjì. Kí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára tó ìwúwo kìlógíráàmù 20. Níbi tí táyà kékeré ti kan ilẹ̀, nǹkan bíi 10 ni yóò kù nínú agbára náà. Ní ti ńlá, kò ní ju 5 àti àbọ̀ lọ. Agbára yìí kan náà ni wọ́n fi ń gba ara wọn lọ́wọ́ ìṣubú. Eré tí táyà ńlá fi kún un, láti inú ìfọ̀kànbalẹ̀ ẹni tí ń gùn ún ni ó ti yọ ọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ń gun ti ínṣì 36 fi ń padà so bíréèkì mọ́ ọn. Síbẹ̀ irú táyà yìí ni Ed Pratt, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gùn yí ayé ká láti ọdún 2015 sí 2018. Ní ilẹ̀ Switzerland, Florian Schlumpf gbé gíà sínú àárín táyà, kí ìyípo ẹsẹ̀ kan lè di ìyípo táyà kan àti àbọ̀ ó lé díẹ̀. Gìgísẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Gíà náà mú eré wá, ó sì tún dín agbára ìgbara-ẹni-là kù.

Láti bí ọdún mẹ́wàá ó lé sẹ́yìn ni ẹlẹ́sẹ̀ kan oníbátìrì ti gbòde ní àwọn ìlú ńláńlá. Kò ní pẹ́dàlì. Ohun èlò inú rẹ̀ ń mọ̀ bí ara bá tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, mọ́tò sì ń sáré wọ abẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ odó àti àtẹ́lẹwọ́ kò parẹ́ níbẹ̀ náà. Láti ẹsẹ̀ ni ó ti bọ́ sọ́wọ́ kọ̀ǹpútà kékeré. Bí bátìrì bá kú lójú ọ̀nà, ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ á mọ ẹni tí ó ti ń ru ẹrù náà fún un.

Ẹni tí ó bá ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan onípẹ́dàlì, ìdajì ẹ̀rọ ni ó rà. Ìdajì yòókù kò sí lọ́jà. Inú eegun ìbàdí, orúnkún àti etí inú ọmọ ènìyàn ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú ìṣubú lórí ìṣubú. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti sábà ń ṣubú ni ìgbà tí pẹ́dàlì kan wà lókè gan-an tí ìkejì wà nísàlẹ̀ gan-an, nítorí pé níbẹ̀, bí ẹsẹ̀ ti wù kó tẹ̀ ẹ́ tó, táyà kò ní yí. Agbára kò ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Ìṣísẹ̀ tí ó ti gbé wá láti ẹ̀yìn nìkan ni yóò gbé e kọjá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Japan ní kẹ̀kẹ́ yìí nínú ọgbà wọn, àwọn ọmọdé sì ń kọ́ ọ ní dídi igi mú, lẹ́yìn náà ní dídi ọwọ́ ara wọn mú. Ọjọ́ tí ọmọ náà bá jọ̀wọ́ ohun tí ó dì mú tí kò sì ṣubú, ọjọ́ náà ni ẹ̀rọ náà tó pé.