Nígbà Tí A Yí Fáànù Ọkọ̀ Akẹ́rù Wa Padà

Púpọ̀ nínú wa ló ń wa ọkọ̀ tàbí tó ń jẹun láti ara ọkọ̀, síbẹ̀ a kì í bìkítà nípa ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àfi ọjọ́ tí èéfín bá jáde níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ fáànù tó ń tu rédíétọ̀ lára ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì lásán, ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa, ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ìyàwó mi.

Iṣẹ́ adìyẹ ni ìyàwó mi ń ṣe ní Ìbàdàn. Èmi ni mo máa ń fi pikọ́ọ̀pù wa kó adìyẹ lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Èkó, ọkọ̀ kan náà yìí ni mo sì fi ń gbé àwọn ọmọ wa lọ sí ilé ìwé láàárọ̀. Adìyẹ kì í ṣe ẹrù bíi sìmẹ́ńtì. Bí ọkọ̀ bá ń lọ, afẹ́fẹ́ á máa gba àárín àgò wọn kọjá, ara á tù wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan nínú oòrùn, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹnu, wọn á na ìyẹ́ apá wọn sílẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí àwọn tó wà láàárín yóò fi máa kú. Adìyẹ kì í làágùn bíi tiwa, ẹnu ló fi ń lé ooru jáde.

Lọ́dún 2019, nígbà tí wọ́n ń tún òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣe, tí wọ́n sì dí apá kan ọ̀nà láàárín Bẹ́gà àti Kara, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ibẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Ìgbà yẹn ni pikọ́ọ̀pù wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bí mo bá ti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ gééjì á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Bí ọ̀nà bá là, tí mo sì ń sáré níwọ̀n kìlómítà 80 ní wákàtí kan, á tún sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní láti pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí ó lè tutù. Lọ́jọ́ ẹ̀ẹ̀kejì, adìyẹ 23 ló kú sínú àgò. Ẹni tó bá jẹ gbèsè oúnjẹ adìyẹ rí ni yóò mọ bí 23 ti pọ̀ tó.

Onírúurú ìmọ̀ràn ni àwọn ènìyàn gbà wá. Ọ̀kan ní kí n yọ thermostat dànù, pé wàhálà lásán ni ní ilẹ̀ olóoru. Èkejì ní top gasket ló ti jó. Ará kan tiẹ̀ sọ pé ọwọ́ ayé ni. A gbàdúrà, a kò sì ní ṣíwọ́ àdúrà, ṣùgbọ́n ohun tí gééjì ń sọ kò fara sin rárá: ọkọ̀ tó ń gbóná nígbà tó bá dúró nìkan, tí ara rẹ̀ sì ń tutù bó bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ló ń wá. Bó bá ń sáré, ojú ọ̀nà ló ń fún un ní afẹ́fẹ́. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ọkọ̀ tó bá ń gbóná lórí eré, ẹ wá ọ̀ràn tirẹ̀ síbòmíràn, bóyá rédíétọ̀ ti dí, bóyá omi ń jò, bóyá gasket ni lóòótọ́.

Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń fi bẹ́líìtì yí fáànù àtijọ́ tó wà lára ọkọ̀ wa. Nǹkan róbótó kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní clutch fáànù, òróró tó ki ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń di fáànù mú nígbà tí ooru bá pọ̀. Mẹkáníìkì wa ní kí n jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná, ó pa á, ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi sí àpò ara rẹ̀, ó wá fi ìka kan ṣoṣo ti fáànù náà. Ó yí lọ fẹẹrẹ bí táyà kẹ̀kẹ́ tí ọmọdé fi ń ṣeré. Ó ní èyí tó dára yóò le lọ́wọ́ bí ara rẹ̀ bá gbóná, pé òróró inú rẹ̀ ti tán. Ohun kan tún wà tí mi ò rò rí: bí fáànù bẹ́líìtì tilẹ̀ jẹ́ tuntun, bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yí ló ṣe ń yí. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ẹ́ńjìnnì ń rọra mí, fáànù náà ń rọra yí, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an la nílò rẹ̀ jù. Fáànù oníná kò wo ojú ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti rí iná láti inú bátìrì, eré rẹ̀ kan náà ni.

Clutch tuntun wọ́n jù fún wa, àwọn tòkunbọ̀ tí mo rí ní Gate n'Ìbàdàn kò sì yàtọ̀ sí tiwa. Bí a ṣe ra fáànù oníná nìyẹn, tuntun inú páálí, íńṣì 16, ti bátìrì fólítì 12.

Dídè é mọ́ ara ọkọ̀ kò pẹ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n bá yín fi okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kì bọ àárín rédíétọ̀ so ó. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, okùn yẹn á máa rẹ́ ihò rédíétọ̀ títí omi yóò fi jò. Irin pẹlẹbẹ ni mẹkáníìkì wa lù, ó fi bóòtù dè é mọ́ férémù. Ẹ̀yìn rédíétọ̀ ló gbé e sí, kí ó lè máa fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì fi páànù yí i ká, kí ó má baà jẹ́ pé ibi tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kọjú sí nìkan ni afẹ́fẹ́ ń gbà.

Orí wáyà ni ọ̀rọ̀ ti dé. Ọjọ́bọ̀ ni, ilẹ̀ ti ń ṣú, ìyàwó mi sì ti ṣèlérí adìyẹ 200 fún oníbàárà kan ní Èkó fún òwúrọ̀ Jímọ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹwáyà tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ n so ó mọ́ wáyà kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá ti ṣínà, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, a ti parí.” Mo béèrè bí iná tí fáànù yìí ń jẹ ṣe pọ̀ tó. Ó gbé ẹ̀rọ ìwọ̀nná, ó wọ̀n ọ́n: áńpíà 18. Wáyà tó ń ti ìdí kọ́kọ́rọ́ bọ̀ kò nípọn ju ìgbálẹ̀ méjì lọ, ó sì ti ń gbé ẹrù tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí iná tó ń gba inú wáyà bá di ìlọ́po méjì, ooru tó wà nínú wáyà yẹn kì í ṣe ìlọ́po méjì o, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ọ̀rá ara rẹ̀ á yọ́, irin á kan irin, iná á sọ. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni wáyà ọ̀hún sì gbà kọjá.

Mo ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ọmọ náà ní kò sí relay nílẹ̀, kò sí wáyà tó nípọn, ọjà sì ti tú, àfi lọ́la. Ìyàwó mi dé, ó gbọ́. Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó so ó bẹ́ẹ̀ ná. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Bí ẹ bá dé, ẹ tún un ṣe. Kí ni mo fẹ́ sọ fún oníbàárà mi?” Ẹ̀yin ará, ẹjọ́ rẹ̀ kò burú. Adìyẹ 23 ti kú, ẹni tí ó ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti ń wo ibòmíràn. Mo bi í léèrè ibi tí àbíkẹ́yìn wa máa ń gbé ẹsẹ̀ sí bí mo bá ń gbé wọn lọ ilé ìwé. Kò dá mi lóhùn. Ó gbé fóònù, ó háyà ọkọ̀ míì, owó ọkọ̀ náà sì jẹ ju ìdajì èrè rẹ̀ lọ. Mi ò ní parọ́ fún yín pé inú rẹ̀ dùn. “Ẹ káàárọ̀” àti “oúnjẹ ti wà nílẹ̀” nìkan ló ń bá mi sọ títí di ọjọ́ Àìkú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀gá rẹwáyà fúnra rẹ̀ wá. Àgbà ọkùnrin ni, ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é, ó sì fẹ́ràn kí ènìyàn béèrè ọ̀rọ̀. Ó ní relay dà bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣí géètì fún ọkọ̀ ńlá: kò ní agbára láti gbé ọkọ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣínà fún un. Iná kékeré tí kò tó áńpíà kan ló ń ti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ wá láti jí relay, relay á wá ṣí ọ̀nà fún iná ńlá láti inú bátìrì lọ tààrà sọ́dọ̀ fáànù. Nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ lè wò ó bí wọ́n bá ń ṣe tiyín. Sí 30 ni wáyà tó ti bátìrì bọ̀ ń wọlé, láti 87 ló ń jáde lọ sí fáànù. 86 ló gba iná kọ́kọ́rọ́, 85 sì lọ sára swíìṣì ooru, tó ń so ó mọ́ irin ọkọ̀ bí omi bá ti gbóná tó.

Wáyà tó nípọn ni ó lò fún iná ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní 6. Fíúsì áńpíà 30 ni ó fi sí i, kò sì jẹ́ kó jìnnà sí bátìrì ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sún un mọ́ fáànù, níbi tó rọrùn láti rí. Ó ní gbogbo wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bí ìyẹn bá bó, tó kan irin, bátìrì á tú gbogbo iná inú rẹ̀ dà síbẹ̀, kò sí ohun tí yóò já a. Fún wáyà tó ń padà sára irin ọkọ̀, ó fi sáńpépà họ ọ̀dà ibẹ̀ títí irin fi ń dán. Ó ní ọ̀dà kì í gbé iná.

Swíìṣì ooru náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Thermostat inú ọkọ̀ wa ń ṣí nígbà tí omi bá gbóná dé 82. Swíìṣì tí ẹ̀gbọ́n rà ń tan fáànù ní 92, ó ń pa á ní 87. Bí ènìyàn bá lọ ra èyí tó ń pa á ní 75, fáànù kò ní sinmi láéláé, nítorí pé thermostat kò ní jẹ́ kí omi tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe pé kí ọkọ̀ sáà ti tutù ni à ń wá, ẹ́ńjìnnì tó tutù jù náà ń jẹ epo lásán. Nítorí náà a kò yọ thermostat dànù.

Ó tún ka iye iná tí ọkọ̀ ń jẹ: iná iwájú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó áńpíà 10, fáànù 18, àwọn yòókù díẹ̀díẹ̀. Alternator wa jẹ́ ti 60, ó gbé e. Nígbà tí fáànù ń ṣiṣẹ́, ó wọn iná lórí bátìrì, ó rí 13.8. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́nu fáànù, ó rí 13.4. Ó ní bí ó bá já sí 12 lẹ́nu fáànù, òun ì bá tú gbogbo rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà a gbé ọkọ̀ sójú oòrùn, a jẹ́ kó máa mí. Nígbà tó pé bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, relay dún “tá”, fáànù sì gbéra. Ẹ̀gbọ́n fi ìwé pélébé kan síwájú rédíétọ̀, ìwé náà lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó ta ìwé náà dànù ni, a jẹ́ pé wáyà méjèèjì ti yí padà nìyẹn, fáànù á sì máa bá afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà jà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lé ní wákàtí méjì tí a fi wà ní Kara. Gééjì kò kọjá àárín. Síbẹ̀ adìyẹ mẹ́rin kú, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ni fáànù ń tù lára, kì í ṣe adìyẹ. Àǹfààní rẹ̀ ni pé mi ò pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mọ́, bí àyè bá ti ṣí síwájú díẹ̀ ni mò ń sún. Láti ìgbà náà ni a ti ń kó ẹrù láago mẹ́rin ìdájí.

Ẹ̀yin òbí, fáànù oníná lè tan lójijì. Tiwa ń kú bí a bá ti pa kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó lè gbéra nígbà tí ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ ki ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná. Omi inú rẹ̀ lè ti kọjá 100 láìtíì hó, nítorí pé ìdérí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti ṣí i, á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú sójú yín.

Fíúsì náà ti já lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí àkísà wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ fáànù tí kò jẹ́ kó yí. A yọ àkísà náà, a fi fíúsì míì sí i, kò sí ohun kankan tó jó. Méjì wà nínú àpò ilẹ̀kùn ọkọ̀ nísinsìnyí. Ìyàwó mi ló ń rà wọ́n. Nígbà tí ọmọ ìsọ̀ kan fẹ́ ta ti 40 fún un, pé ìyẹn kì í tètè já, ó ní 30 ni òun bá wá.