Ọ̀pọ̀ Tó Di Ọ̀wọ́n

Nígbà tí mo fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, owó àjẹmọ́nú tí wọ́n san fún mi ni mo kó lọ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ l'Ékòó. Oníṣòwò náà rí i pé ọkàn mi ti fà sí ọkọ̀ kan; kò dín kọ́bọ̀. Ìyàwó mi fà mí lápá: “Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” A kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi pè wá padà, tó sì dínwó gan-an. Inú mi dùn. Mẹkáníìkì tí mo mú dání ní ẹ́ńjìnnì náà dára, ṣùgbọ́n ó béèrè ìwé owó ibodè. Kò sí. Bí àwọn aṣọ́bodè bá gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ mi lọ́nà, ta ni yóò dá owó mi padà? A kò rà á. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ béèrè ìwé kí ẹ tó nájà. Ọkọ̀ tí kò níwèé, ọ̀wọ́n ni, bó ti wù kí wọ́n dínwó rẹ̀ tó.