Ìrìnàjò Olówó Méjì sí Àjàṣẹ́

Nínú ọyẹ́ oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020, nígbà tí ètè tọmọdé tàgbà ń bó, tí eruku sì bo ewé igi bí ẹni da eérú lé e lórí, ni mo dágbére fún Èkó Àkéte, aròmisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ, tí mo wọ ọkọ̀ ní Máìlì Tú, tí mo dorí kọ ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ arábìnrin bàbá mi, tí ó ti tẹ̀dó sí Àjàṣẹ́ láti ìgbà tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń jẹ́ Dàhọ̀mì, ti re ibi tí àgbà ń rè, wọ́n sì ti dá ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. Òkú ni mo ń lọ sin; n kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ni n óò rù bọ̀ wálé.

Ọkọ̀ wa kò tí ì dé Àgbárá tí àríyànjiyàn fi bẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀pẹ tí ó ṣáájú, ní ìlú Abidjan, Ààrẹ Alassane Ouattara ti Côte d'Ivoire àti Ààrẹ Emmanuel Macron ti ilẹ̀ Faransé ti jọ kéde pé sẹ́fà tí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ń ná yóò di Eco, pé ìdajì owó ìpamọ́ wọn tí ó ń gbé inú ilé ìṣúra Faransé yóò kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n pé okùn tí ó so sẹ́fà mọ́ Yúróò, sẹ́fà 655.957 sí Yúróò kan, kò ní í tú. Bẹ́ẹ̀, orúkọ Eco yìí kan náà ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè ECOWAS, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápapọ̀, ti fẹnu kò lé lórí ní Àbújá ní oṣù Òkúdù ọdún 2019 fún owó tí gbogbo wa yóò jọ máa ná, owó tí wọ́n ti ń ṣèlérí rẹ̀ fún wa láti ọdún 2000, tí wọ́n ń sún un síwájú láti 2003 sí 2005, sí 2009, sí 2015, títí ó fi kan 2020. Ọkùnrin arúgbó kan tí ó jókòó lẹ́yìn awakọ̀ ni ó fi ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín. Ó ní, "Orúkọ tí gbogbo agbo ilé yàn fún ọmọ tí a kò tí ì bí ni wọ́n jí gbé, tí wọ́n lọ fi sọ àgbàlagbà tí ó ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin!" Kò purọ́, nítorí ọdún 1945 ni wọ́n dá sẹ́fà sílẹ̀.

Ní Sẹ̀mẹ̀, ibodè tí ìjọba wa ti tì pa láti oṣù Ògún nítorí ìrẹsì fàyàwọ́ ṣì wà ní títì. Ṣùgbọ́n àwa tí a gbé ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ tí a kò ru ẹrù ń rí àyè kọjá. Àwọn tí ń ṣẹ́ owó jókòó lábẹ́ agbòòrùn, tí ìdì náírà àti sẹ́fà sì tò níwájú wọn bí ẹ̀kọ tútù níwájú ẹlẹ́kọ. Mo bi ọ̀kan nínú wọn, bí ó ti ń fi àtàǹpàkò ka owó mi, bí inú rẹ̀ yóò ti rí bí owó gbogbo wa bá di ọ̀kan.

"Bàbá," ó dáhùn láìgbójú sókè, "kí ni ẹ wá fẹ́ kí n máa jẹ?"

Nígbà tí ó ka owó tán ni ó tó wò mí lójú. Ó ní bí òun bá sùn ti sẹ́fà lálẹ́, òun á bá a níbi tí òun fi í sí láàárọ̀, ṣùgbọ́n náírà, ẹni tí ó bá sùn tì í kò mọ iye tí yóò jí bá. Mo fẹ́ fèsì, mo rántí pé ní ọdún 1980 náírà kan ju dọ́là kan lọ, mo sì pa ẹnu mi dé.

Ọjà Dantokpa ní Kútọnu, tí ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀sà bí ìlú tí ó dá dúró, ni mo ti lọ ra aṣọ tí a óò fi ṣe ẹ̀yẹ. Ìyá aláṣọ kan, ọmọ Kétu, tí Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi tí mo ń kọ ìwé lọ, gbé àga fún mi, ó sì bi mí léèrè ohun tí ó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́: "Bàbá, wọ́n ní owó Èkó ni a óò máa ná. Ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní kì í ṣe Èkó, Eco ni, pé orúkọ ECOWAS ni wọ́n gé kúrú. Ó mi orí. "Ẹ̀yin ni ẹ mọ bí ẹ ti ń pè é. Ohun tí etí mi gbọ́ ni mo ń wí, ohun tí ó sì ń bà mí lẹ́rù náà nìyẹn." Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: pé àwọn ará Nàìjíríà ni ó ń ra ọjà lọ́wọ́ òun, pé láti ìgbà tí a ti tilẹ̀kùn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti tòmátì àwọn ẹbí òun jẹrà sójú ọ̀nà, pé àjànàkú ni wá, bí àjànàkú bá yí padà lórí ẹní, kí ni ẹni tí ó sùn tì í yóò ṣe? "Ẹ kò sọ fún wa kí ẹ tó tilẹ̀kùn. Ẹ̀yin náà ni kí ó wá di kọ́kọ́rọ́ àpótí owó wa mú?" N kò rí ìdáhùn kan fún un, mo kúkú ra ọ̀pá mẹ́fà dípò mẹ́rin. Ní tòótọ́, bí a bá ka gbogbo ènìyàn tí ń gbé ní orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà, ó súnmọ́ ìdajì wọn tí ó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Kò sí bí a ti lè rọra jókòó tí àga kò ní í dún.

Àjàṣẹ́ ni mo ti gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn tí a sin òkú tán, tí a jẹ, tí a mu, tí onílù sì ti ki baba ńlá wa títí ó fi kan àwọn tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́, olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì fa ìwé owó ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà yọ, ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀. Ó fi ẹja inú rẹ̀ hàn mí, èyí tí imú rẹ̀ ní eyín bí ayùn. Ó ní ara ìwọ̀n wúrà àwọn Akan ni wọ́n ti ya ẹja náà, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn Akan ń gbé ní Gánà, wọn kì í sì í ná owó yìí. Ó fi lẹ́tà B hàn mí, àmì pé orúkọ Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ti Tógò a máa jẹ́ T. "Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́? Ní Chamalières, nílẹ̀ Faransé." Ó ní òun kò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ 11 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1994 láé, nígbà tí wọ́n kéde ní Dakar pé sẹ́fà tí àádọ́ta rẹ̀ ń ra fáráǹkì Faransé kan ti di èyí tí ọgọ́rùn-ún rẹ̀ yóò máa rà á. Oògùn tí ìyá òun ń lò di ìlọ́po méjì, owó oṣù òun kò sì kúrò níbi tí ó wà. "Ẹni tó lẹ́rú ló lẹ́rù," ni ó wí.

Mo bi í bóyá òun yóò wá gba náírà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ohun tí ó yé mi lórí ìjókòó yẹn ni pé kò sí ẹni tí ó kórìíra owó àjùmọ̀ná nínú gbogbo àwọn tí mo bá pàdé, yàtọ̀ sí ẹni tí ń ṣẹ́ owó, tí ó ní ìdí tirẹ̀. Sẹ́fà tí kì í mì ni ojú tiwa wọ̀, àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ sì ń fẹ́ owó tí kò ní ọ̀gá lẹ́yìn òkun, olúkúlùkù sì ń bẹ̀rù ọwọ́ tí yóò di àpò náà mú. A ti ná owó kan rí, àti àwa àti àwọn. Owó ẹyọ kò béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti Ìbàdàn dé Àbọ̀mẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi ń ta aṣọ ní Kúmásì, kọ́bọ̀ oníhò tí ó bá ti ibẹ̀ mú bọ̀ ni ìyá mi fi ń ra ata ní Ìbàdàn, láìṣẹ́ ẹ, láìdúnàádúrà, nítorí láti ọdún 1912 ni ìgbìmọ̀ kan ti ń bá gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní agbègbè wa ṣe owó wọn. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni ìgbìmọ̀ náà ń gbé, ìyẹn ni kò fi sí ìjà. Nígbà tí Gánà dá owó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1958, tí tiwa sì tẹ̀ lé e ní 1959, inú wa dùn. Mo rántí pé a jó.

Ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020 yẹn, Àjàṣẹ́ ni mo ṣì wà nígbà tí rédíò sọ pé àwọn mínísítà ètò ìṣúná àti àwọn gómìnà báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ tí kì í ná sẹ́fà ti pàdé ní Àbújá, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n kéde ní Abidjan kò bá àdéhùn mu. Olùkọ́ náà tún rédíò rẹ̀ yí sí ibi tí wọ́n ti ń kọrin. (Nígbà tí mo ń kọ èyí, wọ́n ti sún ọjọ́ tí Eco yóò bẹ̀rẹ̀ dé 2027.)

Ọ̀nà Ìgòlò sí Ìdí-Ìrókò ni mo gbà padà. Àwọn tí ń ṣẹ́ owó níbẹ̀ gba ìwé sẹ́fà tí ó kù lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kì í gba onírin, mo sì ní wọn lápò, ó ń dún woroworo. Mo yà sọ́dọ̀ alákàrà kan tí ó ń din lẹ́bàá ọ̀nà, mo da gbogbo rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó wé àkàrà mẹ́jọ fún mi, ó sì ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìró rẹ̀, ó fi àádọ́ta náírà tí epo ti rin ṣe ṣẹ́ńjì fún mi.