Àwọn Adánidúró Inú Ọ̀pá Ẹ̀yìn

Ẹni tí àrùn ipá bá mú, àgbọ̀n rẹ̀ á há, ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun. Kí ẹnì kan ṣáà pa ilẹ̀kùn dé gbàà, gbogbo ara á tún gan. Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é. Inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ wà. Ojú ọgbẹ́ ló ń gbà wọlé, tàbí ìwọ́ ọmọ tuntun tí wọ́n fi abẹ ìdọ̀tí gé. Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé oró tí kòkòrò náà ń tú jáde kò fi kún agbára iṣan rárá. Ṣe ló ń gòkè láti ojú ọgbẹ́ títí á fi dé inú ọ̀pá ẹ̀yìn, á sì wá àwọn sẹ́ẹ̀lì kan rí, àwọn adánidúró tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa sọ fún sẹ́ẹ̀lì mìíràn pé ó tó, sinmi. Kẹ́míkà méjì, glycine àti GABA, ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Oró yìí kì í pa wọ́n. Ó kàn ń dí wọn lẹ́nu ni.

Ká ní mo fẹ́ ká apá mi. Iṣan iwájú apá gbọ́dọ̀ fà, ti ẹ̀yìn sì gbọ́dọ̀ dẹ̀. Charles Sherrington, ará Ìlú Ọba tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1932, ló fi hàn pé dídẹ̀ yẹn kì í ṣe àìṣiṣẹ́ lásán: àṣẹ ni, inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló sì ti ń wá. Bí kò bá sí àṣẹ náà, iṣan méjèèjì á jọ máa fà, èyí tó lágbára jù á borí. Ìdí rèé tí àgbọ̀n aláìsàn fi ń pa dé dípò kó là.

Nínú àwọn onímọ̀ inú ìtàn yìí, John Eccles ni mo fẹ́ràn jù. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn pé iná mànàmáná ni sẹ́ẹ̀lì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe kẹ́míkà. Ní 1951, ní Dunedin ní New Zealand, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ki gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ológbò. Ohun tí wọ́n rí nígbà tí àṣẹ ìdádúró dé tako ohun tí Eccles ti ń sọ pátápátá. Ó gbà, kò ṣagídí. Wọ́n fún un ní Nobel ní 1963.

Àṣẹ ìdádúró ti ìmọ̀lára náà wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ kọ, ọwọ́ á ti débẹ̀ láti rà á kó tó rò ó. Ní 1965, àwọn onímọ̀ méjì, Ronald Melzack àti Patrick Wall, sọ pé ìfọwọ́kàn yẹn ń jí àwọn adánidúró inú ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n á sì dín iṣẹ́ tí ìrora ń jẹ́ sí ọpọlọ kù. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ti tún àwòrán náà yà níbi púpọ̀, àmọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ṣì dúró. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi oògùn dí àṣẹ ìdádúró yìí lára eku, fífọwọ́ kan irun rẹ̀ fẹ́rẹ́ lásán di ìrora.

Ẹni tí ipá bá fi sílẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Oró tó tó gan ènìyàn pa kéré débi pé ara kì í fi í kọ́gbọ́n.