Ogun Tí A Fi Ń Ṣeré

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí wọ́n bá pè yín síbi tí a ti ń fi ogun àtijọ́ ṣeré, ẹ lọ. Ẹ wo ẹṣin, ẹ wo ọ̀kọ̀, ẹ gbọ́ kàkàkí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ bi ara yín léèrè pé: nígbà tí ogun yìí jẹ́ ogun gidi, níbo ni àwọn baba ńlá mi wà? Ṣé orí ẹṣin ni wọ́n wà ni, àbí iwájú ẹṣin ni wọ́n ti ń sá?

Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí irú eré bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1956, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí Nàìjíríà, a sì ṣètò pé kí àwọn ọba Ìhà Àríwá pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́ṣin wọn wá kí i ní Kàdúná ní ọjọ́ kejì oṣù kejì. Durbar ni wọ́n ń pe àpéjọ náà. Láti Íńdíà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú orúkọ yìí wá; ṣùgbọ́n gígun ẹṣin lọ kí ọba ní ọjọ́ ọdún ti wà ní ilẹ̀ Hausa kí òyìnbó tó dé. Àbúrò bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kàdúná, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù láti Òrò-Àgọ́ dé Ọ̀fà, mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgọ́ wà nínú orúkọ ìlú wa, ṣùgbọ́n n kò rí àgọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin ni ó dé, àwọn mìíràn ti rìn fún ọjọ́ púpọ̀ lójú ọ̀nà. Olúkúlùkù ẹkùn ni ó ní ibùdó tirẹ̀. Ní ọwọ́ alẹ́, èéfín iná igi a bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ óò gbọ́ èdè Hausa níhìn-ín, Kànúrí lọ́hùn-ún, Tápà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí kò bá tíì gbọ́ òórùn ẹgbẹ̀rún ẹṣin lẹ́ẹ̀kan náà kò mọ ohun tí imú lè fara dà. Mo rí ẹ̀wù irin. Mo rí ẹṣin tí a wọ lìfìdì fún, èyíinì ni aṣọ nínípọn tí a ki òwú àràbà sínú rẹ̀ kí ọ̀kọ̀ má baà wọlé. Inú mi ń dùn ṣìnkìn títí àbúrò bàbá mi fi wí pé, “Ó yá, jẹ́ kí a lọ sí ibùdó àwọn ará Ìlọrin.”

Ẹsẹ̀ mi wúwo. Ìyá àgbà tí ó tọ́ mi dàgbà ti sọ fún mi bí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ṣe máa ń ya wọ ilẹ̀ Ìgbómìnà nígbà èwe rẹ̀, tí wọ́n ń sun ilé, tí wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú, tí wọ́n sì fi ajẹ́lẹ̀ jókòó ti àwọn ọba wa. Àwọn Tápà náà ṣe tiwọn. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni ó wà tí wọ́n fi gun orí àpáta lọ. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ ní ọjọ́ náà, kò sì padà. Títí ó fi di arúgbó, bí ó bá gbọ́ pátákò ẹṣin, a di ògiri mú.

Bàbá arúgbó kan ń fọ ẹṣin rẹ̀ ní ibùdó náà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó bi mí pé, “Ọmọ ibo ni ọ́?” Yorùbá ni ó sọ, ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀ bí ó ti dùn lẹ́nu bàbá mi. Mo ní ọmọ Òrò-Àgọ́ ni mí. Ó dákẹ́, ó ń ra gọ̀gọ̀ ẹṣin náà lọ́wọ́. Ó ní, “Ìyá tí ó bí bàbá mi, apá ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún ni wọ́n ti kó o wá. Kò jẹ́ kí a gbàgbé.” Ó fà mí lọ́wọ́, ó fi lé ọrùn ẹṣin náà. Ó gbóná, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ẹlẹ́ṣin tò lọ sí òpin pápá, wọ́n sì tú ìjánu sílẹ̀. Ilẹ̀ mì. Wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa tààrà, ekuru bo oòrùn. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ wá mọ́lẹ̀, wọ́n fa ìjánu, wọ́n dúró gbọn-in, wọ́n gbé ọ̀kọ̀ sókè láti kí ọbabìnrin. Mo pàtẹ́wọ́, mo sì wo ojú àbúrò bàbá mi. Òun kò pàtẹ́wọ́. N kò bi í léèrè.

Ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1972, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn máa ń pàgọ́ láti fi ogun àtijọ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù ṣeré. Idà tí wọ́n fi pankẹ́rẹ́ ṣe ni wọ́n ń lò, ẹ̀yin tí olùkọ́ ti nà rí sì mọ̀ pé kì í ṣe eré lásán! Eré tiwọn rọrùn ju tiwa lọ, nítorí ogun tí wọ́n ń fi ṣeré ti jìnnà. Kò sí ìyá àgbà kan láàárín wọn tí ó rántí rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé kí a pa eré ẹṣin rẹ́ nítorí ohun tí ẹṣin ṣe. N kò bá wọn sọ ọ́. Àjọ UNESCO ti kọ Durbar Kánò sínú ìwé ogún ìran ènìyàn ní ọdún 2024, àwọn ará Ìlọrin náà sì ń ṣe tiwọn lẹ́yìn Iléyá. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni kí akéde máa ka oríkì ẹni tí ó gun ẹṣin, kí ó má dárúkọ ìlú tí ẹṣin náà tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn ohun gbogbo fún Ìyá àgbà: ọbabìnrin, lìfìdì, kàkàkí. Kò bìkítà fún wọn. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ bàbá tí ó ń fọ ẹṣin, ó jókòó dáadáa.

Ó ní, “Kí ni ó pe orúkọ ìyá bàbá rẹ̀?”

Mo ní kò sọ ọ́.

Ó ní, “Bí o bá tún rí i, bi í.”